Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Ilé: Ta Ni Yóò Ṣe Oníbodè?

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ìbàdàn ni o mọ̀, o kò mọ Láyípo." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn lè mọ orúkọ ìlú, kí ó mọ ọjà àti òpópó rẹ̀, síbẹ̀ kí ó má mọ kọ̀rọ̀ tí ọ̀ràn ìlú náà fi ara pamọ́ sí. Ní òde òní, ìlú mìíràn wà tí ó tóbi ju Ìbàdàn lọ lọ́nà púpọ̀. Kò ní odi, kò sì ní oníbodè. Àwọn ọmọ wa ń wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń jáde ní ọ̀sán àti ní òru, láìdìde lórí àga. Íntánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ayélujára. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n òbí mélòó nínú wa ni ó mọ Láyípo rẹ̀?

Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí ohun náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, èrè tí ó mú wá, ewu tí ó bá a rìn, àti ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù ilé ṣe sí i.

Ẹni tí ó bá gba Ring Road kọjá ní Ìbàdàn, láti ìhà Challenge títí dé ìhà ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, yóò rí àmì ìlú náà ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì. Yóò rí àwọn tí ń ta káàdì àti síìmù lábẹ́ agboòrùn, àti àwọn oní-POS tí ń san owó fún ènìyàn láìjẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì. Yóò rí òpó gíga àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ó yọ orí sókè láàrin òrùlé. Yóò sì rí àwọn ọ̀dọ́ nínú ilé ìtajà ńlá tí a ń pè ní Palms, tí olúkúlùkù tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀. Awakọ̀ tí ń wá ilé kan ní Olúyọ̀lé kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Inú fóònù ni ó ti ń wò ó. Aránṣọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tí kò fi ojú kàn rí. Bí a bá wí pé ayélujára ti di ọjà kejì ní Ring Road, a kò sọ àsọdùn.

BÍ OHUN NÁÀ TI DÉ

Ilẹ̀ Yorùbá kò kẹ́yìn nínú ọ̀ràn ìròyìn láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1959 ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò tí ì rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn àti nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, àwọn díẹ̀ ni ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń gbọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ ní ti pé ẹni tí ń gbọ́ lè dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí sì lè pàdé, kí wọ́n sì di ẹgbẹ́.

Ní Amẹ́ríkà ni a ti so àwọn kọ̀ǹpútà tí ó jìnnà sí ara wọn pọ̀ ní ọdún 1969, kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ní ọdún 1989 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, gbèrò ọ̀nà tí ènìyàn fi lè ti ojú ìwé kan bọ́ sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà, ibi yòówù kí ìwé náà wà ní ayé. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyí ń gbilẹ̀ ní òkè òkun, tẹlifóònù lásán ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ọwọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ni okùn tẹlifóònù wà. Nígbà tí ọdún 2001 fi dé, gbogbo okùn tí ó wà ní Nàìjíríà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ń gbé ilẹ̀ náà ju 100 mílíọ̀nù lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001 yìí kan náà ni NCC, àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀ràn tẹlifóònù, ta ìwé àṣẹ fún tẹlifóònù alágbèéká. Iye owó ìwé àṣẹ kan jẹ́ 285 mílíọ̀nù dọ́là. MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọdún náà tó parí. Ní ìgbà náà, a máa ń san nǹkan bí ₦50 fún ìṣẹ́jú kan tí a fi sọ̀rọ̀, nítorí náà ènìyàn a máa sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òjò ń lé. Ní ọdún 2003 ni Glo dé, tí ó sì ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Láti ìgbà náà ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ohun àwọn olówó nìkan.

Ṣùgbọ́n fóònù ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń fi í sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ayélujára, káfè ni yóò lọ. Àwọn tí ó gbé Ìbàdàn ní ìgbà náà kò lè gbàgbé ilé káfè tí ó kún Agbowó, Dùgbẹ̀ àti Ring Road. A ó san owó wákàtí kan, a ó gba nọ́ńbà lórí ìwé pélébé, a ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Aago ń ka owó wa bí a ti ń dúró kí ojú ìwé kan ṣí. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn a máa lọ ní òru, nítorí owó òru kéré sí ti ọ̀sán, wọn a sì wà níbẹ̀ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní káfè ni ọ̀pọ̀ òbí ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ wọn yege nínú ìdánwò WAEC tàbí ti JAMB, tí gbogbo àwọn tí ó wà ní ìjókòó sì bá wọn yọ̀.

Ohun kan wà nínú káfè tí a kò kà sí nígbà náà. Ojú gbangba ni. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ lè rí ohun tí o ń wò, oníkáfè ń rìn káàkiri, owó sì ń tán. A kò wí pé ẹlẹ́tàn kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà, àwọn oníkáfè a sì máa lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri nítorí wọn. Síbẹ̀, ẹni tí yóò ṣe ibi ní láti jáde kúrò ní ilé rẹ̀, kí ó sì ṣe é níwájú ènìyàn. Lónìí, ohun tí a ń lọ bá ní káfè ti bá wa wá sínú yàrá, ó sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyípadà yìí ni a fẹ́ kí òbí ronú lé jù lọ.

OKÙN ABẸ́ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú afẹ́fẹ́ nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú fóònù dé ara òpó tí ó sún mọ́ wa ni ó ń gba afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn èyí, inú okùn ni ó ń gbà, okùn tí a fi dígí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú rẹ̀. A rì í mọ́ ilẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà títí dé Èkó. Láti Èkó, ó wọ abẹ́ òkun lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀kan nínú àwọn okùn wọ̀nyí ni MainOne, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2010, tí ó sì gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí dé Èkó. Obìnrin ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ̀, tí ó ka ìwé ní Queen's School ní Ìbàdàn wa yìí. Kí àwọn tí ó ń bi ara wọn pé kí ni ìwúlò ẹ̀kọ́ ìṣirò fún ọmọbìnrin gbọ́ èyí.

Okùn yìí ni ó mú kí owó dátà rọlẹ̀ díẹ̀ tí ìyára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ní ọdún 2013, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Smile fẹ́ gbé irú íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní 4G jáde ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí okùn gbé wá, okùn lè mú un lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já nínú òkun ní ìtòsí Abidjan, MainOne sì wà lára wọn. Báǹkì kò lè san owó, oníṣòwò kò lè gba owó, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan ṣùgbọ́n ní Ghánà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Ní orí ilẹ̀, àwọn tí ń tún ọ̀nà ṣe a máa fi ọkọ́ àti katakata gé okùn náà, àwọn olè sì ń jí i wú. Ẹni tí ó bá rí wọn, kí ó má ṣe rò pé ohun ìjọba lásán ni wọ́n ń bà jẹ́. Ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ ń gbà kí i ni wọ́n ń gé.

ÀWỌN ẸGBẸ́ TUNTUN

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá àti ìyá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń gbé ní ìtòsí Ring Road. Àkọ́bí wọn wà ní London, èkejì ní Houston, àbíkẹ́yìn sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, lẹ́tà láti òkè òkun lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì dé, tí ìyá àgbà kò bá mọ̀wé, ẹni tí yóò kà á fún un kò ní ṣàì gbọ́ àṣírí ilé. Lónìí, ìdílé náà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn lórí WhatsApp. Ní òwúrọ̀, Ìyá a fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?" Kí oòrùn tó mú, èsì ti dé pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá. A dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti lo oògùn òwúrọ̀?" Ọmọ ọmọ tí a bí ní ìlú òyìnbó mọ ojú Màmá àgbà, ó sì ti kọ́ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí wọn nínú fóònù. Ta ni yóò wí pé èyí kì í ṣe ìbùkún?

Ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò mọ sí inú ilé. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ń lo fóònù láti pe ara wọn bí olè bá wọ òpópó. Ẹgbẹ́ akọrin ń fi orin tuntun ránṣẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Àwọn tí ó jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ti rí ara wọn lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì ń dá owó fún ẹni tí àìsàn dá dúró nínú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2005 ni Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, ìta gbangba kan lórí ayélujára tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń jíròrò lórí ìṣèlú, iṣẹ́, ìgbéyàwó àti gbogbo nǹkan. Ó sì ti di ibi tí àwọn tí ó wà ní ilé àti àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn bí ẹni pé abẹ́ igi odán kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Èdè wa pẹ̀lú ti rí àyè níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn ọmọ Yorùbá, tí Kọ́lá Túbọ̀sún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, pe ara wọn jọ lórí Twitter pé kí gbogbo wọn fi Yorùbá kọ̀wé ní ọjọ́ náà, kí àwọn onílé-iṣẹ́ lè mọ̀ pé èdè wa wà láàyè. Láti ọdún 2015 ni ọkùnrin yìí kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jọ sí orí ayélujára. Ní oṣù kejì ọdún 2018, BBC bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ní èdè Yorùbá níbẹ̀. Ilé tí ń bẹ̀rù pé ọmọ wọn yóò gbàgbé èdè kò ní àwáwí mọ́. Ohun èlò wà lọ́wọ́.

ÀWỌN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN ODI

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni ó ti wọlé. Ìjọba gbèrò pé nígbà tí ọdún 2025 bá fi parí, ìwọ̀n àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára yóò tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, kò tó 45. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi ìdajì kún owó wọn, nítorí wọ́n ní díṣẹ́ẹ̀lì tí ń gbé òpó wọn ṣiṣẹ́ ti wọ́n ju agbára wọn lọ. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ rere ráhùn, ó sì san án. Opó tí ń ta ẹ̀wà fún ọmọ mẹ́rin jẹ kò rí i san.

A rí ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ọdún 2020, nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn Kòrónà. Ọmọ tí ó ní fóònù àti dátà ń gbọ́ ohùn olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé kejì ń ṣeré ní ẹnu ọ̀nà títí oṣù fi ń gorí oṣù. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí títí di ọjọ́ ìdánwò, ṣé ẹ rò pé ìmọ̀ ìwé rẹ̀ nìkan ni a ń dán wò? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀.

ÀLEJÒ TÍ A KÒ BI LÉÈRÈ

Ní ayé àtijọ́, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká, odi náà sì ní ẹnu ibodè. Oníbodè kì í kàn gba owó lásán. A máa bi àlejò pé níbo ni ó ti ń bọ̀, kí ni ó sì rù. Ní ti ayélujára, owó bodè nìkan ni a ń gbà. Bí a bá ti ra dátà tán, kò sí ẹni tí yóò bi wá ní ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń bi àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ gbọ́ bí àlejò búburú ti ń wọlé. Ẹnìkan yóò pe Bàbá lórí fóònù pé, "Ẹ káàsán sà. A fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín fún ìpàdé ìjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fún wa." Bàbá kà á. Nọ́ńbà náà ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kọjá, ẹlẹ́tàn ti wọlé ní orúkọ Bàbá, ó sì ń bẹ àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n yá òun ní owó kíákíá. Wọ́n ń san án nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún Bàbá. Ìwà rere tí ènìyàn fi ogójì ọdún kọ́ ni olè fi ṣe ìdẹ.

Ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹlẹ́tàn náà bá jẹ́ ọmọ tí a bí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ EFCC mú ènìyàn 792 nínú ilé kan ṣoṣo ní Èkó, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti òwò èké lu àwọn ará òkè òkun ní jìbìtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa. Òfin tí ó de irú ìwà bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò níṣẹ́, tí ó sì ra mọ́tò fún un, tí kò béèrè ibi tí owó ti wá, ti ṣí bodè fún ogun.

Ìròyìn èké pẹ̀lú ń bẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ẹ̀bólà ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan tàn ká orí fóònù láàrin òru kan pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Òbí jí ọmọ láti ojú oorun nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ilé ìwòsàn, a sì ròyìn ikú. Àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é. Ìfẹ́ tí kò bá wádìí a máa pa ènìyàn.

OHUN TÍ ILÉ LÈ ṢE

Èkíní, kí fóònù ọmọdé máa sùn ní pálọ̀, kí ó má ṣe wọ yàrá lẹ́yìn àdúrà alẹ́. Kí àwọn òbí tí yóò fi òfin yìí lélẹ̀ kọ́kọ́ gbé tiwọn kalẹ̀, nítorí ojú ni ọmọ fi ń kọ́ ìwà ju etí lọ.

Èkejì, kí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n lò jókòó ti àwọn àgbà, kí ó fi sùúrù kọ́ wọn. Kí ó wí pé, "Màmá, ẹ má ka nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni o, ì báà ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì." Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lórí WhatsApp, kí a kọ́kọ́ pè é, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a sì bi í ní ohun kan tí àjèjì kò lè mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi ìròyìn tí a kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti ìlera, kí a bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ṣe pàtàkì, kí àwọn tí ó wà nínú odi rántí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìjọ àti ilé ìpàdé onílé pọ̀ ní Ìbàdàn, tí ó ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀. Kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta, dátà tí a jùmọ̀ ná owó lé, àti àgbàlagbà kan tí yóò jókòó níbẹ̀ láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èyí kò ju agbára ẹgbẹ́ kan lọ. Ọmọ opó yóò rí kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ kàn kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ọmọ olówó pẹ̀lú yóò sì tún mọ bí ó ti rí láti wo ayélujára ní ojú gbangba, tí ẹnìkan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó lè bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni o ń wò yẹn?"

Ìbéèrè yẹn kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. A rọ olúkúlùkù òbí tí ó ka ìwé yìí pé kí ó bi ọmọ rẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í, kí ó sì jókòó gbọ́ ìdáhùn.